Àwọ̀n Tó Dí Ẹnu Limnári

Marigó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń dá ewúrẹ́ padà lẹ́nu oko, àmọ́ Màmá Lemonía kì í ṣe ewúrẹ́. Ìyá arúgbó náà ti sọ̀kalẹ̀ dé orí òkúta wẹ́wẹ́ etíkun, ó gbé abọ́ wàrà tó ń rú èéfín dání, ó sì ń wá ibi tó máa gbà yọ lábẹ́ apá ọmọbìnrin náà.

“Kúrò lọ́nà, Marigó. Ebi ń pa ọmọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má sún mọ́ ọn.”

“Ọmọ mẹ́fà ni mo fi ọmú mi yìí tọ́. Ṣé ìwọ tí o ò tíì pọn ọmọ adìyẹ rí lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ?”

Lẹ́yìn Marigó, ọmọ séálì náà, ẹran òkun tí àwọn apẹja ń pè ní ajá omi, tún ké. Kò jọ igbe ẹranko. Ó jọ ẹkún ọmọ ọwọ́ tó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó dùbúlẹ̀ síbi tí ìgbì jù ú sí, ó dúdú bí èédú, irun ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti ọmọ àgùntàn tí òjò pa, àmì funfun kan sì wà níkùn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó rí bí abẹ̀bẹ̀ gbá òkúta, ó gbé orí sókè, ó wo òkun. Ó tún ké.

Màmá Lemonía na abọ́ wàrà náà síbi tí igbe ti wá. “Ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, Màmá. Ìyá rẹ̀ náà ń gbọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kó gbọ́ nìyẹn.”

Ìjì àná ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti gúúsù bí ẹni tó ya wèrè. Ìgbì rọ́ wọ inú ihò àpáta tí ìyá séálì ń tọ́ ọmọ rẹ̀ sí, ó gbá ọmọ jáde, ó sì gbé e jù sí etíkun Limnári bí ẹni ju àkísà. Darandaran kan tó ń wá àgùntàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún náà. Ó rò pé ẹnì kan ló gbé ọmọ sọnù. Nígbà tó rí ohun tó rí, Marigó ló pè, torí gbogbo erékùṣù ló mọ̀ pé nínú àwọn tó ń ṣọ́ séálì, òun nìkan ni ọmọ ìlú. Ará Átẹ́nì, olú ìlú, ni àwọn tó kù.

Ìsmíni, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, wà ní òdìkejì erékùṣù. Òkè ti ya dí ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè kọjá. Orí fóònù ló ti ń sọ̀rọ̀, atẹ́gùn sì ń gbé ìdajì ohùn rẹ̀ lọ.

“Marigó, ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún un ní nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ò jìnnà. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, á wọlé wá.”

“Bí kò bá wọlé ńkọ́, Àǹtí?”

“Tí oòrùn bá fi kọjá sẹ́yìn òkè, ọkọ̀ ojú omi máa wá gbé e lọ sí Átẹ́nì, ká fi ìgò tọ́ ọ. Mo ti fi ìgò tọ́ wọn rí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yè é.”

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Marigó. Nígbà tí ilé ìtajà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Piréà kógbá sílé, ó padà wá sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹrù kan, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ séálì. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ò ju kó nu iyọ̀ òkun kúrò lára kámẹ́rà, kó gbé bátìrì gun òkè, kó sì gbá ọ́fíìsì. Inú fọ́tò tí kámẹ́rà yà nínú ihò ló ti máa ń rí séálì. Kò tíì fojú ara rẹ̀ rí òòyè kan rí. Ọ̀kan rèé báyìí, tó ń mí, tó ń ké, tó ń fi imú wá ìyá rẹ̀ kiri lórí òkúta. Àyà Marigó ń lù kì kì kì. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, àmọ́ ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ju ẹ̀rù lọ, ohun tó ń mú un fẹ́ rẹ́rìn-ín kó sì sunkún pa pọ̀.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ kan. Gbogbo ìlú ń bọ̀ níbí láìpẹ́. Ẹnu mi ò lè ká wọn. Ta ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu bí kò ṣe ẹ̀yin?”

Màmá Lemonía fojú rẹ̀ kéékèèké wò ó. “O fẹ́ fi mí ṣe ẹ̀ṣọ́.”

“Olórí ẹ̀ṣọ́ ni.”

Ìyá arúgbó náà wo ọmọ séálì, ó wo wàrà. Ó gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu wàrà náà tán pátápátá, ó nu ètè. “Ewúrẹ́ mi ò lè jìyà lásán,” ló wí, ó sì yí padà sí ọ̀nà òkè.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé lóòótọ́. Káfíńtà ìlú kọ́kọ́ yọ, òun àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé náà dé, fóònù lọ́wọ́ kálukú. Màmá Lemonía jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ dí i, ó sì gbé ọ̀pá lé itan. Ìgbà tí àlùfáà ìlú dé, tó gbé aṣọ dúdú rẹ̀ sókè kó má baà gbá ẹ̀gún, ọ̀pá náà gbéra.

“Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, Bàbá Àlùfáà.”

“Lemonía, mo kàn fẹ́ wò ó ni.”

“Ẹ máa wò ó láti ibẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ ṣèrìbọmi fún un ni?”

Ẹ̀rín sọ. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì. Wọ́n gbé e mì. Nígbà tí Marigó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ènìyàn tó tó ogún tí wọ́n tò sẹ́yìn ìyá arúgbó kan bí ọmọ ilé ìwé, orí rẹ̀ sì wú.

Ó rọra kúrò lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó gun àpáta ẹ̀gbẹ́ etíkun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Omi Limnári ṣe róbótó bí abọ́ láàárín òkè méjì, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sí òkun ńlá. Òkun ṣì ń hó, ìgbì funfun lọ́tùn-ún, ìgbì funfun lósì. Ó wò títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Nǹkan kan yọ.

Ó rò pé igi ni. Igi kì í ní imú. Orí dúdú kan yọ lókè ìgbì níta ẹnu Limnári, ó dán, ó tóbi ju orí ènìyàn lọ, irun imú rẹ̀ sì tò lọ tò bọ̀. Ó wo etíkun tààrà. Ọmọ ké nísàlẹ̀, orí náà sì yí síbẹ̀ kíá. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má ta tí.

“Àǹtí Ìsmíni!” Marigó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù, ṣùgbọ́n bí igbe ni wúyẹ́wúyẹ́ náà ṣe ń jáde. “Mo rí i! Mo rí i, Àǹtí! Ó wà níbí! Ó tóbi! Ó ń wo ọmọ rẹ̀!”

“Ṣé ó ń wọlé?”

Marigó tún wò. Ìyá séálì rì, ó yọ lápá ọ̀tún. Ó rì, ó yọ lápá òsì. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu Limnári bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ilé ara rẹ̀.

“Rárá. Ó ń rìn yí po níta. Kò wọlé, n ò mọ ìdí…”

Bẹ́ẹ̀ ló rí ìdí. Àwọn bọ́ọ̀lù pupa kéékèèké tò láti àpáta kan dé èkejì, wọ́n ń jó lórí ìgbì. Àwọ̀n ni wọ́n gbé léfòó. Ẹnì kan ti ta àwọ̀n dí ẹnu Limnári kí ìjì tó dé, kò sì ráyè wá fà á. Kò sì sí ẹni tó ń kun bọ́ọ̀lù àwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀dà pupa lérékùṣù náà àfi ẹnì kan.

“Marigó? Kí lo rí?”

“Àwọ̀n bàbá mi ni.”

“Bó bá gbìyànjú láti kọjá tó kó sí i, omi máa pa á. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa. Bí àwọ̀n bá dá a dúró nísàlẹ̀, ó parí.”

Marigó ti dìde kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó kọjá lára Màmá Lemonía bí ìjì, ó ní kí ó bá òun dá gbogbo wọn dúró, kó sì mú wọn dákẹ́. Ó gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀ lódìkejì láàárín igi ólífì, ẹ̀gún fa ṣòkòtò rẹ̀ ya, kò wo ibẹ̀. Nígbà tó dé èbúté, ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Stamáti, bàbá rẹ̀, wà nílé kọfí pẹ̀lú àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ torí òkun tó ń bínú, wọ́n ń ta káàdì. Láti ọjọ́ tí Marigó ti bá àwọn ará Átẹ́nì da nǹkan pọ̀, bàbá rẹ̀ ò bá a jà, àmọ́ kò jẹ́ kó gbádùn pẹ̀lú yẹ̀yẹ́.

“Ẹ wò ó, ìránṣẹ́ séálì ti dé,” ló wí bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà. “Kí làwọn ọ̀gá rẹ ní kí o wá gbà lónìí? Ṣé àwọ̀n mi ni àbí ṣòkòtò mi?”

“Àwọ̀n yín ni, Bàbá.”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín dé ibi pé ọ̀kan sọ káàdì nù. Marigó ò rẹ́rìn-ín.

“Àwọ̀n tí ẹ ta sí Limnári. Ọmọ séálì kan wà létíkun, ìyá rẹ̀ sì wà níta àwọ̀n. Ó fẹ́ wọlé. Ẹ bá mi lọ fà á kúrò.”

“Lójú òkun yìí? Orí rẹ dà rú ni?” Stamáti gbé káàdì rẹ̀ dojú délẹ̀. “Ẹran tó ń jẹ ẹja mi lẹ́nu àwọ̀n, tó ń ya á bí ìwé, òun ni kí n fẹ̀mí ara mi wewu fún? Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ya á, ta ló ń bá mi rán an?”

“Èmi ni.”

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Èmi ni mo máa ń bá yín rán an, Bàbá. Èmi àtẹ̀yin nìkan, lójúde ilé, títí ọwọ́ mi fi bó. Mo mọ ohun tí ihò rẹ̀ ń ná yín ju ẹnikẹ́ni níbí lọ. Síbẹ̀ mo wá. Ìyá séálì yẹn ò ní ṣe sùúrù mọ́. Bó bá kó sínú rẹ̀ tó kú, ẹ̀yin náà lẹ máa bọ́ òkú rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́la. Èmi ò ní lè bá yín bọ́ ọ.”

Stamáti wo òkun láti ojú fèrèsé. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ta ni yóò bá mi fà á?” ló bi í. Ẹ̀gbọ́n Marigó ló máa ń bá a fà á tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì ti lọ sí Melibọ́nì, ní ilẹ̀ òkèèrè, láti ìgbà pípẹ́.

“Ẹni tí ẹ ń wò yìí ni.”

“Ọlọ́run má jẹ́ kí n di òkú nítorí ajá omi,” ni Stamáti wí, ó sì dìde.

Bí ọkọ̀ ṣe yọ kúrò lẹ́yìn odi èbúté ni ìgbì àkọ́kọ́ gbé wọn. Ó gbé wọn sókè dé ibi tí Marigó ti rí òrùlé gbogbo ìlú, ó sì jù wọ́n sísàlẹ̀ bí àpò ọkà. Omi tútù gbá a lójú. Ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàdédé gbọ́ ẹ̀rín tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Bàbá rẹ̀ bojú wò ó.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

“N ò mọ̀!”

“Gbọ́n omi dà síta, aláìgbọràn.” Àmọ́ ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu òun náà.

Stamáti kì í jẹ́ kí ìgbì gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń dojú rẹ̀ kọ ọ́, ó ń gùn ún, ó ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, títí wọ́n fi yí òkè ká tí ẹnu Limnári sì yọ. Marigó na ìkọ́ onírin síta, ó tàsé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi kọ́ okùn.

“Fà!”

“Mò ń fà!”

“Ẹ̀yìn ni kí o fi fà á, kì í ṣe ọwọ́! Ta lo ń fọwọ́ fà á fún?”

Ó fi ẹ̀yìn fà á. Àwọ̀n ń gun ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wúwo, ewé òkun so mọ́ ọn lára. Ẹja tó wà nínú rẹ̀, orí nìkan ló kù fún òmíràn. Nígbà tí wọ́n fà á dé àárín, ihò kan yọ tí ènìyàn lè gbà wọlé láìbẹ̀rẹ̀.

“Wò ó!” ni Stamáti pariwo. “Wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ! Ṣé o rí i?”

“Mo rí i! Ẹ jẹ́ ká fà á tán ná, ẹ ó wá bínú!”

Ìyá séálì yọ nítòsí wọn. Kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè na ìkọ́ onírin kàn. Ó mí, fùúù, òórùn ẹja gbá wọn nímú. Ojú rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀, ó sì tutù. Ó wo àwọn méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ké létíkun, ohùn rẹ̀ ò dún dáadáa mọ́, ìyá náà sì rì wẹẹrẹ, ó kọjú sí ibi tí ohùn ti wá.

Àwọn bọ́ọ̀lù pupa tó kù níwájú rì lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ó ti kó sí i!” ni Marigó ké.

Stamáti pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ gbọ̀n gìrì bí okùn ṣe fà le, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń wọlé. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó dojú rẹ̀ kọ okùn. Marigó rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ má gé e níbẹ̀! Á gbé àwọ̀n lọ mọ́rùn, á máa pa á díẹ̀díẹ̀!”

“Ṣé kó wá rì wá ni?”

“Ẹ jẹ́ ká fà á sókè kó mí! Bàbá! Ẹ fà á!”

Stamáti wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó fi eyín di ọ̀bẹ mú, ó sì di okùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Marigó. Wọ́n fà. Ohun tó wà lódìkejì náà ń fà. Marigó ò mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí kan lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́tìí rẹ̀, ó mọ ìgbà tó ń kó agbára jọ, ó ń kó tirẹ̀ jọ bá a. Wọ́n dúró de ìgbì. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó bá wọn gbé ẹrù náà. Wọ́n yí okùn mọ́ igi ìsokùn kó má baà padà. Wọ́n tún dúró de ìgbì.

Orí yọ, àwọ̀n dì í mọ́rùn gbagba, ihò imú rẹ̀ méjèèjì ṣí, ó sì fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú ariwo tí Marigó ò ní gbàgbé.

“Ìyá Mímọ́ o,” ni Stamáti wí jẹ́ẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́. “Di okùn mú. Máa wo orí rẹ̀ fún mi. Bó bá fẹ́ yí padà, sọ̀rọ̀.”

“Ẹ gé. Ẹ gé. Ẹ ṣì máa gé… ọwọ́!”

Stamáti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Eyín séálì ya igi etí ọkọ̀ níbi tí ìka rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

“Ó káre, Màmá, ó káre,” ni Stamáti ń wí fún séálì náà, bí ẹni ń bá àgbà obìnrin tó ń bínú sọ̀rọ̀. “Àwa la ṣẹ̀ ọ́. Sùúrù. Ó ku ẹyọ kan. Marigó?”

“Ẹ gé!”

Fọ́nrán tó kẹ́yìn já. Okùn ṣófo lójijì, bàbá àtọmọ ṣubú lura wọn sínú omi àti ẹja inú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbórí sókè, òkun ti pa ojú dé. Kò sí orí. Kò sí nǹkan kan.

Wọ́n kó ìyókù àwọ̀n wọlé láìsọ̀rọ̀. Stamáti wa ọkọ̀ sẹ́yìn àpáta kan níbi tí atẹ́gùn ò dé, kí wọ́n má baà dí ẹnu ọ̀nà, ó sì tún pa ẹ́ńjìnnì. Marigó gbé awò sójú. Ó rí àwọn ará ìlú lórí òkè: Màmá Lemonía ti mú gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, àlùfáà náà wà nínú wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ nínú koríko. Ó rí ọmọ séálì. Kò ké mọ́. Ó gbé orí lé òkúta, kò mira.

“Ó ti lọ,” ni Marigó wí. “A dẹ́rù bà á. Ó ti sá lọ sójú agbami.”

Bàbá rẹ̀ ń wo omi.

Oòrùn ti ń sún mọ́ góńgó òkè. Òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Fóònù dún nínú àpò Marigó. Ó mọ̀ pé Ìsmíni ni, pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Átẹ́nì ló fẹ́ sọ. Kò gbé e. Bó bá gbé e, ọ̀rọ̀ náà á di òótọ́.

“Wo ìsàlẹ̀ yẹn,” ni Stamáti wí. “Ibi tí omi ti ṣe bí ẹni ń hó.”

Omi etíkun wú, ó sì pín sí méjì. Ẹ̀yìn ńlá kan tó dán yọ, ó rọ́ sórí òkúta pẹ̀lú ìgbì, ìgbì padà, òun ò padà. Ó wọ́ ara rẹ̀ gòkè, gbìrì, gbìrì, ó dúró, ó mí. Ó ké, igbe kan tó nípọn, tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ọmọ gbé orí. Ó fi abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó tún ṣubú. Ìyá náà na ọrùn. Imú kan imú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń ka orúkọ ara wọn, ìyá wá yí ara rẹ̀ padà, ó fi ikùn hàn, ọmọ sì wọ́ lọ bá a.

Marigó ki apá aṣọ rẹ̀ bọnu kó má baà pariwo. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fò. Ó gbá bàbá rẹ̀ léjìká, ó tún gbá a, kò mọ̀ pé òun ń gbá a.

“Ó ń mu,” ni Stamáti wí. “Marigó, ó ń mu ọmú. Wò ó. Fún mi ní awò yẹn. Fún mi. Ó ń mu ọmú, o!”

Lórí òkè, Màmá Lemonía bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó ń jù ú fìrìfìrì láìsọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn ènìyàn sì ń dì mọ́ra wọn lórí koríko.

Fóònù tún dún. Marigó gbé e, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ó tún la ẹnu. Bàbá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó ti wọlé,” ló wí.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀?” ni Ìsmíni bi í.

“Stamáti ni. Ẹni tó ni àwọ̀n.” Ó tẹ́tí. “Ó ń mu ọmú dáadáa. Ẹ sọ fún ọkọ̀ yẹn kó padà.” Ó tún tẹ́tí, ó wo ọmọ rẹ̀. “Rárá, kò lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún, n ò mọ̀ ọ́n. Ó wà dáadáa.”

Wọ́n gba ọ̀nà jíjìn padà sílé kí ẹ́ńjìnnì má baà dún sétí abiyamọ. Òkun ti ń rọlẹ̀. Àwọ̀n tó ya kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, Marigó sì jókòó lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, iyọ̀ ń ta á, inú rẹ̀ sì dùn dé eyín. Ó ń retí pé kí bàbá òun bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa àwọ̀n. Ó ti ṣètò ohun tóun máa fi dá a lóhùn.

Stamáti di ìtọ́kọ̀ mú títí odi èbúté fi yọ.

“Ibo ni kí n ta àwọ̀n sí lọ́la?” ló bi í.

Marigó dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà, ibi tí yẹ̀yẹ́ ti máa ń jáde. Kò jáde. Bàbá rẹ̀ dín eré ọkọ̀ kù, ojú rẹ̀ wà lára Marigó, bó ṣe máa ń wo àwọn àgbà apẹja tí ó bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Ó ń dúró de èsì.

Marigó yí padà lórí àwọ̀n náà, ó kọjú sí òkun, ó sì wò ó dáadáa kó tó la ẹnu dá a lóhùn.